Tábúlẹ́ẹ̀tì ní jẹ́lé-ó-sinmi: ta ló jókòó ti ọmọ?

Sí Olóòtú,

Ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tó bá fẹ́ káwọn òbí mọ̀ pé ojú òun ti là, tábúlẹ́ẹ̀tì ló máa ń kọ́kọ́ gbé jáde báyìí. A ò bá tábúlẹ́ẹ̀tì jà. Ta ló jókòó ti ọmọ ni à ń béèrè.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti là á sílẹ̀ ní 2019: kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 má jókòó ti fídíò rárá, ọmọ ọdún 2 sí 4, kó má ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́. Èyí tí wọ́n ń wò nílé wà nínú rẹ̀ o! Nítorí náà, ìṣẹ́jú 10 ti tó ní kíláàsì: ọmọ 4 sí tábúlẹ́ẹ̀tì 1, kí olùkọ́ wà láàárín wọn, kó máa dá fídíò dúró, kó máa bi wọ́n ní ìbéèrè. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ti gba fídíò sílẹ̀ sórí tábúlẹ́ẹ̀tì kí àwọn ọmọ tó dé, kí ẹ sì pa dátà. Bí dátà bá wà ní títàn, bí ọ̀kan bá ṣe ń parí ni òmíràn tí ẹnikẹ́ni kò yàn á ti bẹ̀rẹ̀.

Ti èdè ló ká wa lára jù. Èyí tó pọ̀ jù nínú áàpù ọmọdé, ti Òyìnbó ni: C, Q, V, X àti Z tí a kò ní ni ọmọ ń kọ́, kò ní rí Ẹ, Ọ, Ṣ tàbí GB. Ẹ̀rọ tó bá sì ka Yorùbá tí kò lámì, kò mọ igbá yàtọ̀ sí ìgbà. Ẹ fi ohùn ara yín ṣe ẹ̀kọ́ náà. Ẹ gbé igbá gidi kalẹ̀, kí àwọn ọmọ kàn án, kí wọ́n fi bu omi, torí ọmọ ọdún 2 kì í sábà mú ohun tó rí lójú gíláàsì bá ohun tó wà nílẹ̀ mu. Lẹ́yìn náà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ gba ohùn sí i: “Igbá rèé.” Ẹ ti fèrèsé nítorí ariwo jẹnẹrétọ̀. Kí fóònù tí ẹ fi ń gba ohùn jìnnà sí ẹnu tó ínṣì 6, kí èémí má baà máa fẹ́ lù ú. Ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 3 lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ ráyè pè é.

Bí ẹ̀yìn tábúlẹ́ẹ̀tì bá wú, bátìrì ló ń bàjẹ́. Ẹ má ṣàájì rẹ̀ mọ́.

Ẹ tún lè gba ohùn ìyá àgbà ọmọ kọ̀ọ̀kan níbi tó ti ń ki í. Ṣùgbọ́n ẹ kọ orúkọ ọmọ sára fáìlì, kí ìyá àgbà Àṣàkẹ́ má baà lọ máa ki Àjàní.

Àwa olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi,
Ìbarà, Abẹ́òkúta.