Lẹ́tà sí Yèyé mi, ìyá màmá mi: wọ́n tún ní eyín ni

Yèyé mi,

Eyín Àdùkẹ́ ti yọ. Ìsàlẹ̀ ló ti yọ, níwájú. Ògì ni mò ń fún un tí mo gbọ́ tí ṣíbí dún kọ́. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé wa ní Òkèsà, ìka yín ló kọ́kọ́ ń kan eyín rẹ̀. Àdùkẹ́ ni àkọ́kọ́ tí kò ṣojú yín, ó sì dùn mí, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé ẹni tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún kó tó lọ ti ṣe tirẹ̀.

A ò sùn kó tó yọ. Ọmọ á ti sùn fọnfọn lálẹ́, àfi tó bá di ààjìn òru tí igbe á sọ. Itọ́ á ti rin aṣọ rẹ̀ láyà, á máa fi ọwọ́ fa etí, á máa jẹ ìkúùkù ara rẹ̀. Bí mo bá gbé ọmú sí i lẹ́nu, á fà á díẹ̀, á tu ú sílẹ̀, á tún bú sẹ́kún. Iná kì í sábà sí. Ìmọ́lẹ̀ fóònù ni mo fi ń wo ojú rẹ̀.

Ohun tí mo rí lọ́wọ́ yín ni mò ń ṣe. Màá fọ ọwọ́ mi mọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, màá fi ìka ra èrìgì rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ títí igbe á fi wálẹ̀. Màá rẹ aṣọ kékeré tó mọ́ sínú omi tútù, màá fún un kó máa rún un lẹ́nu. Bí ìyẹn ò bá ràn án, màá pọ̀n ọ́n, màá máa rìn láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, màá máa kì í: Ìjẹ̀ṣà, ọmọ onílé obì. Oríkì náà ò pé lẹ́nu mi, Yèyé. Ibi tí mo bá gbàgbé, orúkọ yín ni mo fi ń dí i. Ó máa ń gbọ́ ọ, á gbé orí lé mi lẹ́yìn.

Oyin nìkan ni mi ò bá yín lò. Nọ́ọ̀sì ní ọmọ tí kò tí ì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ fẹnu kan oyin, pé kòkòrò kan lè wà nínú rẹ̀ tí ikùn ọmọ ọwọ́ kò lè kápá. Mo mọ̀ pé ẹ máa jiyàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí ṣẹlẹ̀ kí eyín náà tó yọ. Ara Àdùkẹ́ gbóná lóru ọjọ́ kan. Mo ki tẹmómítà sí i lábíyá, ó kà 38.9. Ìyá onílé gbọ́ ẹkún, ó fi àrán kọ́rùn, ó wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Eyín ni. Má da ara rẹ láàmú." Mo pe ìyá ọkọ mi ní Ìwó. Òun náà ní, "Eyín ni." Ẹnu wọn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, Yèyé. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gẹ́lẹ́ ni.

Ẹ mọ ọjọ́ tí mò ń wí. Abẹ́ agboòrùn ọmọbìnrin tó ń ta ìpè ni. Àjàní, àbúrò mi, wà lẹ́yìn yín, ẹ fi gèlè bo orí rẹ̀ nítorí oòrùn. Èmi ni mo di owó ìpè mọ́wọ́. Màmá mi ń pariwo nínú fóònù láti Múṣin nítorí ariwo ọjà, ìyẹn ni mo ṣe gbọ́ ohun tí wọ́n wí: "Ṣé ẹ ti gbé e dé ilé ìwòsàn Wesley?" Ẹ dáhùn pé, "Eyín ni. Ara ọmọ kì í ṣàìgbóná bí eyín bá ń hù. Má fi ọjà rẹ sílẹ̀." Màmá mi tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan, "Ṣùgbọ́n Yèyé..." Ìṣẹ́jú pé. Ọmọbìnrin náà na ọwọ́ gba fóònù rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni gìrì mú un. Wọ́n ní kí n lọ bá àwọn ọmọ ilé kejì ṣeré, ilẹ̀ kò sì tí ì ṣú tí wọ́n fi ṣe gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ rẹ̀ mọ́ nílé wa. Nígbà tí màmá mi dé láti Èkó, ẹ ti kó aṣọ rẹ̀ kúrò lórí okùn.

Kí ni màmá mi fẹ́ sọ lẹ́yìn "ṣùgbọ́n" yẹn? Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún rò ó. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé ká ní owó ọwọ́ mi tó ìṣẹ́jú kan sí i ni, ilé wa ì bá yàtọ̀. Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ṣì ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá ń pọn Àdùkẹ́ kiri lóru, kò sì sí ẹni tí mo lè bi nínú ilé yìí.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹ kì í ṣe aláìmọ̀. Ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé ni yín. Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa nípa Dókítà David Morley, òyìnbó tó ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild ní àwọn ọdún 1950, tó dá ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n á gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, wọ́n á fi àmì sí ibi tí ìwọ̀n rẹ̀ dé lórí káàdì, ìyá á sì gbé káàdì náà lọ sílé. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ti lo irú káàdì yẹn láti ìgbà náà. Ẹ máa ń fọ́nnu rẹ̀ pé láti ọ̀dọ̀ tiwa ló ti jáde lọ. Ti ẹ̀gbọ́n màmá mi wà nínú àpótí yín títí ẹ fi lọ. Ìyá tó fi ọ̀sán gangan gbé ọmọ lọ wọn nígbà tí ara ọmọ dá ṣáṣá, kí ló dé tí kò gbé Àjàní lọ nígbà tí ara rẹ̀ ń jó? Ọ̀kadà kan ló máa gbé yín dé Wesley. Ṣé owó ni? Ṣé ẹ̀rù ohun tí wọ́n máa wí fún yín ló bà yín? Àbí ó rẹ̀ yín ni, ẹ ti tọ́ ọmọ ọlọ́mọ pẹ́ jù, kò sì sí ẹni tó ń bi yín bóyá ẹ sùn?

Mo ń gbìyànjú láti gbèjà yín. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé Àdùkẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ibà ni. Àwọn ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni eyín sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ìgbà yẹn náà ni ààbò tí ọmọ gbà lára ìyá rẹ̀ nínú oyún ń tán lọ, ìgbà yẹn náà ló ń rá, tó ń ki gbogbo ohun tó bá rí bọ ẹnu. Nítorí náà ibà àti ìgbẹ́ gbuuru máa ń bá eyín pàdé lójú ọ̀nà, eyín ló sì ń gba ẹ̀bi. Eyín lè jẹ́ kí ara lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ọmọ máa ké, kó má jẹun dáadáa. Tó bá ti di 38 sókè, kí èèyàn wá ohun mìíràn lọ. Ogún eyín ni ọmọ máa hù kó tó pé bí ọdún mẹ́ta. Bí a bá ń pe gbogbo ara gbígbóná ní eyín, a ò ní í rí àìsàn kankan títí ọmọ á fi tó lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi.

Ta ló sọ èyí fún yín nígbà náà? Bóyá ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo rántí ìparí ọdún 2008, nígbà tí rédíò ń pariwo oògùn eyín kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin. Wọ́n bá májèlé diethylene glycol nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ tó mu ún kò lè tọ̀ mọ́, kíndìnrín wọn ti bàjẹ́. Nígbà tó di 2009, wọ́n ti ka ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́rin (84) tó kú. Gbogbo àdúgbò ń tú àpótí wò, wọ́n ń da ìgò nù. Àjàní ti kú kó tó di ìgbà yẹn, ẹ ò sì fún un ní nǹkan kan ju àgbo lọ. Síbẹ̀ ẹ pa rédíò, ẹ mú ìgbálẹ̀, ẹ jáde lọ gbálẹ̀ àgbàlá. Alẹ́ ti lẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbálẹ̀ lóru. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń wò yín. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ ń rò, àbí? Ẹ ì bá ti pè mí. Mo ti tó ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Àdùkẹ́ lo oògùn ibà rẹ̀ tán, ara rẹ̀ ti yá. Owó tí mo fi tọ́jú rẹ̀, owó tí oníbàárà fún mi láti ra síìpù àti aṣọ inú ni. Aṣọ ẹbí ìgbéyàwó wà nílẹ̀ tí mi ò tí ì gé. Bí mo bá jókòó sídìí ẹ̀rọ lọ́sàn-án, oorun òru ni yóò gbé mi. Bàbá Àdùkẹ́ rí gbogbo rẹ̀, ó sì ní ojútùú kan: ó ti rí ṣọ́ọ̀bù fún mi ní Ìkòròdú, ó ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, kí a gba ọmú lẹ́nu ọmọ, kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá òun ní Ìwó títí ọwọ́ wa á fi tẹ owó. Ó ní ọmọ tí ìyá òun ti tọ́ kò lóǹkà.

Ìyá ọkọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó fẹ́ràn ọmọ yìí. Ẹ̀yin náà fẹ́ràn Àjàní, mo rí i. Ṣùgbọ́n bí fóònù bá dún lóru ní Ìkòròdú, tí wọ́n ní ara ọmọ gbóná, pé eyín ni, kí n má dààmú, kí ni màá ṣe? Ṣé kí n ní "ṣùgbọ́n, Màámi"?

Bàbá Àdùkẹ́ ń bọ̀ lópin oṣù láti gbọ́ èsì. Kò mọ̀ pé mo ní àbúrò kan rí tó ń jẹ́ Àjàní. Mo bi màmá mi bóyá kí n sọ fún un, wọ́n ní rárá, pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, pé n kò gbọdọ̀ fi ba orúkọ yín jẹ́. Mo máa sọ fún un, Yèyé. Ẹ má bínú sí mi.

Ọmọ yín,
Àyọ̀kẹ́
Iléṣà