Ẹ bá wa dá ọ̀kẹ́ padà sínú ìwé ìròyìn yín

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Tàkìé níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín, nǹkan kan ṣá ló ń dùn mí. Ẹ máa ń kọ "ogún ẹgbẹ̀rún náírà", ẹ máa ń kọ "mílíọ̀nù kan", ẹ kì í kọ ọ̀kẹ́ mọ́ rárá, bẹ́ẹ̀ 20,000 ni ọ̀kẹ́ kan, àádọ́ta ọ̀kẹ́ dẹ̀ ni mílíọ̀nù kan.

Homework ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní JSS2 ló fà á. Tíṣà ní kí wọ́n kọ gbogbo nọ́ńbà tó lè pín 20,000 tí nǹkan kan ò ní ṣẹ́kù. A jókòó tì í lálẹ́, èmi, òun àti ìyá ẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ látorí 1, 2, 4, 5, 8, 10, 16, à ń bá a lọ, ìgbà tá a máa kà á tán, ọgbọ̀n ni! Kò sí nǹkan míì nínú ẹ̀ ju 2 àti 5 lọ, 2 lọ́nà márùn-ún, 5 lọ́nà mẹ́rin, tẹ́ ẹ bá sọ wọ́n di púpọ̀ 20,000 lẹ máa bá. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé tẹ́ ẹ bá yọ 20,000 fúnra ẹ̀ kúrò tẹ́ ẹ ro àwọn tó kù pọ̀, 29,203 ni, ó jù ú lọ. Àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ ti pín nọ́ńbà sọ́nà mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ yìí, èyí tí àròpọ̀ ẹ̀ ò tó o, èyí tó ṣe rẹ́gí bíi 6 àti 28, àti èyí tó kún àkúnwọ́sílẹ̀, ibi àwọn tó kún yẹn ni ọ̀kẹ́ wà.

Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n lò. Ogójì owó ẹyọ ni wọ́n máa ń sín sórí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá kan, ẹgbàá mẹ́wàá ló dẹ̀ ń kún inú àpò tí wọ́n ń pè ní ọ̀kẹ́. Kódà owó bébà tá à ń ná lónìí, látorí náírà 5 títí dé 1,000, kò sí èyí tí ò wọ inú ọ̀kẹ́ kan géérégé. Tó bá jẹ́ èèyàn mẹ́ta ló fẹ́ pín in ṣá, 6,666 ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, 2 á ṣẹ́kù.

Ọmọ yẹn ò gbọ́ ọ̀kẹ́ rí láyé ẹ̀ àfi lálẹ́ ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ la bí i sí, ó dùn mí gan-an ni. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ 100,000, ẹ kọ ọ̀kẹ́ márùn-ún, tó bá jẹ́ 500,000, ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kẹ́ ẹ wá fi nọ́ńbà ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kí àwọn ọmọ lè máa fi kọ́ra.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Tàkìé, Ògbómọ̀ṣọ́.