Rélùwéè Ìkòròdú: ẹrù wa ńkọ́?

Olóòtú mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Mi ò kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn rí láyé mi, ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, èmi ń sọ òun ń tẹ̀, tí ẹ bá rí ibi tó ti ṣì í ẹ jọ̀ọ́ ẹ fojú fò ó. Ọ̀rọ̀ rélùwéè tí wọ́n ní ó ń bọ̀ ní Ìkòròdú ló sún mi dé ibẹ̀, torí ó ti wá di pé a ò lè jókòó nínú kòrópe láti Ìgbógbó dé gáréèjì kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ yẹn jà.

Ẹ̀yin tí ẹ ò gbé ọ̀dọ̀ wa, bó ṣe rí nìyí. Nínú ètò ńlá tí àwọn LAMATA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ètò ìrìnnà ní Èkó, ní fún ọ̀nà irin ìpínlẹ̀ Èkó, ọ̀kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Orange, láti Ìkẹjà títí dé Àgbọ̀wà, ìyẹn gan-an ni tiwa. Blue ti ń rìn láti oṣù kẹsàn-án 2023, Marina sí Mile 2, kìlómítà 13, Red náà ti ń gbé èrò láti Agbádó dé Ọyíńgbò láti oṣù kẹwàá 2024, àwa ará Ìkòròdú ṣì ń wo títì kan ṣoṣo yẹn, Majidun, Owódé Onírin, Mile 12, Kétu, bó bá ti dí níbì kan ó dí délé nìyẹn. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí la tún ń wá, ṣebí wọ́n fa BRT, bọ́ọ̀sì ńlá tó ní ojú ọ̀nà tiẹ̀, láti Mile 12 dé ọ̀dọ̀ wa ní 2015 nígbà tí Ambode jẹ́ gómìnà. Òótọ́ ni, a sì dúpẹ́. Àmọ́ ẹ wá wo ìlà ní Agric láago márùn-ún ìdájí kẹ́ ẹ tó sọ pé ó tó.

Ṣé ó máa wá lóòótọ́? Èmi ò mọ̀. Mo ti dàgbà tó láti rántí Metroline, ọkọ̀ irin tí bàbá Jakande fẹ́ ṣe fún Èkó nígbà tó jẹ́ gómìnà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1983, àwọn ṣọ́jà gbàjọba, Buhari wọ́gi lé e ní 1985, owó dọ́là ńláńlá wọmi. Ogójì ọdún gbáko kí ọkọ̀ irin Èkó tó gbéra ní Marina, bàbá sì ti kú ní 2021, kò fojú rí i. Ta ló wá ṣí Blue ní oṣù kìíní 2023? Buhari kan náà ni. Ayé yìí ṣá! Torí náà mi ò ní jó kí n tó gbọ́ ìlù, àmọ́ tí wọ́n bá máa ṣe é, ó yẹ ká ti sọ ohun tá a fẹ́ kí wọ́n tó ya àwòrán ẹ̀ tán, torí tí wọ́n bá ti da kọnkéré sílẹ̀, ẹnu wa ò já mọ́ nǹkan kan mọ́.

Àwọn onílé ni ariwo wọn pọ̀ jù. Ẹ̀rù pé wọ́n á wá fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri àwọn ló ń bà wọ́n, mi ò dá wọn lẹ́bi, ẹni tó fi owó ìfẹ̀yìntì kọ́ ilé mọ ohun tójú ẹ̀ rí. Kí wọ́n san owó fún ẹni tí wọ́n bá wó ilé ẹ̀ kí wọ́n tó wó o, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bọ̀dá kan wá wà ládùúgbò wa, ọmọlúàbí ni, ó ti gbé Jámánì rí, Jámánì náà sì ni gbogbo wa ń pè é. Ó ní kí la ń dúró de afárá àti òpó gàgàrà fún, pé kí wọ́n kàn tẹ́ irin sójú ọ̀nà BRT tó wà nílẹ̀ yẹn, kí tíráàmù, ìyẹn ọkọ̀ irin ojú títì, máa sáré lórí ẹ̀, pé lọ́hùn-ún ọkọ̀ irin àti mọ́tò jọ ń lo títì kan náà ni, èèyàn á kàn dúró létí títì á gbẹ́sẹ̀ wọlé, kò sí pé à ń gun àtẹ̀gùn, owó ẹ̀ ò sì ní tó ti afárá. Ó wọ̀ mí létí, mi ò ní purọ́. Ìgbà tí mo wá dé Ògolóńtó láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí màrúwá mẹ́ta tí wọ́n kọjú sí ibi tí kò yẹ kí wọ́n kọjú sí, ọ̀kadà kan ru ewúrẹ́, tíípà oníyanrìn ń yí padà láàárín títì bíi pé títì bàbá ẹ̀ ni, gbogbo wọn nínú ojú ọ̀nà tí wọ́n kọ BRT sí gàdàgbà o. Mo ní háà, Jámánì, tíráàmù yín dà á gbà báyìí? Mọ́tò lè yà fún tíípà, tíráàmù ò lè yà, ibi tí irin bá darí ẹ̀ sí ló máa gbà. Ṣé a ti gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ibùdókọ̀ PWD nÍkẹjà ni? Oṣù kẹta 2023, rélùwéè gbá bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lọ síbi iṣẹ́, ẹ̀mí ṣòfò, ibi tí irin ti dá títì kọjá náà ni. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sá fún tí wọ́n fi mọ afárá sáwọn ibi tí Red gbà, kí mọ́tò gba òkè kí irin gba ìsàlẹ̀. Kí tiwa náà gba òkè ni, tàbí kí mọ́tò gbà á, èyí tó bá wù wọ́n, kí wọ́n má ṣáà da àwa àti irin pọ̀ ní Ògolóńtó.

Àwọn ará Ìpákodó àti Báyékù ní omi ni ọ̀nà tiwa, pé ọkọ̀ ojú omi dé CMS kí ẹni tó wà ní títì tó kúrò ní Kétu. Wọ́n ò parọ́. Ṣùgbọ́n omi ò ṣeé rìn lálẹ́, ìjọba ò tiẹ̀ gbà kí wọ́n rìn ín, koríko orí omi sì ń bọ̀ lásìkò tiẹ̀, èmi pàápàá tí mo dàgbà sí ìdí ọ̀sà, tí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ báyìí, èmi dà, ẹ wá mi lọ sí títì.

Gbogbo ariwo yìí, kò sẹ́nì kan tó bèèrè ohun tí èmi fẹ́ bèèrè. Ẹrù ńkọ́?

Aṣọ ni mò ń tà, ankara àti léèsì, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Sábó, Balógun ni mo ti ń kó o. Ọjọ́ kan báyìí mo ra ọjà tán, alábàárù bá mi gbé e dé ìdí bọ́ọ̀sì ńlá, àpò Ghana-must-go méjì péré ni, mo tò sórí ìlà fún wákàtí kan àtààbọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn mí, ó wá kàn mí, ọmọkùnrin ẹnu ọ̀nà wo ẹrù, ó wo ojú mi, ó ní, “Ẹ má bínú Mummy, èèyàn là ń gbé, a kì í gbé ẹrù.” Mo ní ṣé ẹrù yìí dá wá ni, ṣé kì í ṣe èèyàn ló gbé e wá? Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ilẹ̀kùn pa dé. Mi ò bínú sí ọmọ yẹn, ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe, àmọ́ dáńfó ni mo padà wọ̀, mo san owó ìjókòó mẹ́ta, mo san ti alábàárù lẹ́ẹ̀kejì, mo fún agbèrò ní tiẹ̀, aago mẹ́wàá kọjá kí n tó délé, ẹ sì mọ̀ pé gbogbo owó yẹn orí aṣọ ni mo máa gbé e lé, kọ́sítọ́mà ní Sábó ló máa san án. Ẹ wá ń bèèrè pé kí ló dé tí ọjà fi wọ́n ní Ìkòròdú.

Èmi nìkan kọ́. Ẹ wo àwọn ẹlẹ́ja ní Ẹ̀bùté, àwọn tó ń gbé ẹ̀gẹ́ àti gàrí wá láti Ìmọ́tà àti Àgbọ̀wà, àwọn tó ń lọ kó ata àti tòmátì ní Mile 12 láago mẹ́rin òru. Ìdajì ìlú yìí ló ń ru nǹkan. Tí wọ́n bá wá kọ́ rélùwéè tó jẹ́ pé ẹni tó gbé báàgì ọ́fíìsì àti laptop nìkan ló lè wọ̀ ọ́, inú mi á dùn fún ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní V.I. (ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń tẹ èyí), àmọ́ dáńfó mi ò ní kúrò ní títì, ti ẹlẹ́ja náà ò ní kúrò, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ tá a ní ká tìtorí ẹ̀ kọ́ rélùwéè á ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà.

Wọ́n á ní ẹja ń rùn. Ẹja ń rùn lóòótọ́. Ẹ jẹ́ n wá sọ nǹkan kan fún yín tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀, tíráàmù tí Jámánì ń sọ yẹn kì í ṣe nǹkan àjèjì ní Èkó, òyìnbó ti ṣe é rí, 1902 ló bẹ̀rẹ̀, ó ń ti Ìddó gba orí afárá Carter wọ Èkó, eruku èédú ń jáde lórí ẹ̀, 1933 ni wọ́n tó kó gbogbo ẹ̀ nílẹ̀. Ẹ sì mọ nǹkan kan tí wọ́n fi irin yẹn kó? Ìgbẹ́! Wọ́n ń kó ìgbẹ́ àwọn ará Èkó lọ dà sọ́sà. Irin Èkó tó gbé ìgbẹ́ nígbà yẹn, ẹja tútù ni kò wá lè gbé ní tiwa?

Ọmọ mi tún fi kan hàn mí lórí fóònù, Mumbai ní Íńdíà, èrò tó ń wọ rélùwéè wọn lójúmọ́ kì í ṣe kékeré, síbẹ̀ wọ́n ya yàrá sọ́tọ̀ fún ẹlẹ́rù nínú ẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn alágbọ̀n máa ń wọ̀, ibẹ̀ náà ni àwọn tó ń gbé oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn òṣìṣẹ́ ń kó abọ́ sí. Wọn ò da ẹlẹ́ja pọ̀ mọ́ ẹlẹ́ṣúùtì. Ohun tí mò ń sọ nìyẹn. Kóòṣì kan, kí wọ́n yọ ìjókòó kúrò nínú ẹ̀, kí ilẹ̀ ẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n lè fomi fọ̀, kí ẹlẹ́rù san owó ẹrù ẹ̀ pẹ̀lú Cowry, káàdì tí wọ́n fi ń san owó ọkọ̀, bó ṣe ń san tiẹ̀, a ò ní kí wọ́n gbé wa lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè ní stéṣọ̀n fẹ̀ débi tí alábàárù á wọ̀ ọ́ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹ̀, torí tó bá jẹ́ òkè ni irin máa gbà, ẹrù ò lè gun àtẹ̀gùn fúnra ẹ̀. Kí stéṣọ̀n kan sún mọ́ ọjà, kì í ṣe kí wọ́n lọ gbé e sínú igbó níbi tí ilẹ̀ ti pọ̀, ká tún wá máa wọ ọ̀kadà méjì débẹ̀. Aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ló yẹ kó gbéra. Aago mẹ́fà ti pẹ́ jù, ata ti tà tán ní Mile 12 nígbà yẹn.

Ẹnì kan tiẹ̀ bèèrè nínú kòrópe lọ́jọ́ sí pé ọjọ́ Màgbó ńkọ́, tí orò ń jáde tóbìnrin ò gbọdọ̀ rìn, ṣé rélùwéè á máa gbé ọkùnrin nìkan ni? A rẹ́rìn-ín títí omijé fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú wa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni o, mi ò ní ìdáhùn sí i, ọ̀dọ̀ Ayángbùrẹ́n ọba wa àti àwọn olórò ni kí wọ́n gbé e lọ.

Ohun kan ló kù. Tí ìjọba bá fẹ́ pe àwa ará ìlú sí ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí wọ́n má fi sí ààrin ọ̀sẹ̀ láàárọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ọjà là ń wà, àwọn onílé àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì nìkan ló máa lọ, wọ́n á sì padà wá sọ pé àwọn ti bá Ìkòròdú sọ̀rọ̀. Kí wọ́n fi sí Sọ́ńdè, aago mẹ́ta ọ̀sán, a ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì nígbà yẹn, àwọn tó lọ sí àsálátù náà ti dé. Màá wá. Màá sì gbé Ghana-must-go mi méjèèjì dání.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Aláṣọ,
Ìgbógbó, Ìkòròdú.