Àáfà Wo Ló Kà Á Fún Ọ, Àkànní?

Àkànní ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùm. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Gàrí tí o ní kó fi ránṣẹ́ ti wà nílẹ̀, ẹni tí yóò gbé e wá ló kù.

Mo gbọ́ ohun tí o sọ sí Bàbá Àgbà ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀ tí o wá sílé. O ní ẹni tó bá fọwọ́ sílẹ̀ gbọọrọ lórí ìdúró kò mọ ìrun kí, pé o rí i nínú fídíò kan. Bàbá kò dá ọ lóhùn. Èmi náà kò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, torí inú ń bí mi, mo sì mọ irú ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde lẹ́nu mi bí inú bá ń bí mi. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, inú mi ti rọ̀.

N kò ní sọ pé irọ́ lo pa. Èmi gan-an, àyà ni mò ń gbé ọwọ́ lé bí mo bá ń kírun, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọwọ́ Bàbá ti wá ni mo fẹ́ kí o mọ̀.

Ní ìlú Kairouan, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tùnísíà lónìí, wọ́n bí ọmọkùnrin kan ní nǹkan bí ọdún 776. Abd al-Salam ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n Sahnun ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Orúkọ ẹyẹ kan ni, ẹyẹ tí ojú rẹ̀ mú. Ọmọ ogun tó ti Hims ní Síríà wá ni bàbá rẹ̀. Ìmáàmù Malik, tí àwọn àáfà wa ń tẹ̀ lé ọ̀nà rẹ̀ lórí ìrun, ṣì wà láàyè ní Mẹ́dínà nígbà náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ẹni tó ń wá ìmọ̀ ń forí lé. Sahnun kò rí owó ọ̀nà. Malik kú ní 795, Sahnun kò fojú kàn án. Títí ó fi dàgbà ló ń gégùn-ún fún òṣì, pé òṣì ni kò jẹ́ kí òun dé ọ̀dọ̀ Malik. Síbẹ̀, ọwọ́ ẹni tí kò rí Malik yìí ni Kairouan, Andalusia (ilẹ̀ Spéènì ìgbà àwọn Mùsùlùmí) àti gbogbo apá ibẹ̀ ti wá gba ọ̀rọ̀ Malik.

Ìtàn bó ṣe ṣe é gùn díẹ̀. Ẹnìkan wà ní Íjíbítì, Ibn al-Qasim, tó jókòó ti Malik fún nǹkan bí ogún ọdún. Asad ibn al-Furat, tí òun náà dàgbà ní apá Kairouan, ló kọ́kọ́ lọ bá a. Asad ti dé ọ̀dọ̀ Malik fúnra rẹ̀, àmọ́ ìbéèrè rẹ̀ ti pọ̀ jù: bó bá wá rí báyìí ńkọ́, bó bá tún wá rí bẹ́ẹ̀ yẹn ńkọ́? Wọ́n ní Malik sọ fún un pé bó bá jẹ́ irú èyí ló ń wá, kó kọrí sí Ìráàkì, ibẹ̀ ni àwọn àáfà ti ń béèrè irú rẹ̀. (Ìwọ náà ò bá rí i! Bí o ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ ní kékeré nìyẹn.) Ó lọ lóòótọ́. Lẹ́yìn ikú Malik ló kó ìbéèrè àwọn ará Ìráàkì lọ bá Ibn al-Qasim, kó lè mọ ohun tí Malik máa sọ sí wọn. Èyí tí Ibn al-Qasim gbọ́ lẹ́nu Malik, ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò dá a lójú, ó ní "mo rò pé", ó ní "ó jọ pé". Asad kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé e wálé, òkìkí rẹ̀ sì kàn.

Sahnun da ìwé yìí kọ. Kò fi mọ síbẹ̀. Ó gbé e, ó di Íjíbítì, ó jókòó síwájú Ibn al-Qasim, ó ń ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sí i létí. Ibi tí "mo rò pé" wà, Ibn al-Qasim yọ ọ́. Ibi tó ti ṣì sọ, ó tún un sọ. Ó wá kọ lẹ́tà sí Asad pé kó fi ti Sahnun tún tirẹ̀ ṣe. Asad kọ̀. N kò dá a lẹ́bi púpọ̀, kò rọrùn fún àgbà láti gba àtúnṣe lọ́wọ́ ẹni tó kéré sí i. Ènìyàn ńlá náà kúkú ni, òun ló ṣíwájú ogun tó ré òkun lọ sí Sicily ní 827, ibẹ̀ ló sì kú sí ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ di àpatì. Ti Sahnun ni wọ́n ń kà, òun ni Mudawwana.

Inú Mudawwana yẹn ni ọwọ́ Bàbá wà, Àkànní. Ibn al-Qasim ní Malik sọ nípa gbígbé ọwọ́ ọ̀tún lé òsì pé òun kò mọ̀ ọ́n nínú ìrun ọ̀ranyàn, kò sì fẹ́ ẹ, àmọ́ nínú àṣegbọrẹ, bí ìdúró bá gùn, kò burú. Malik yìí kan náà ló sì kọ hàdíìsì gbígbé ọwọ́ lé ọwọ́ sínú Muwatta, ìwé hàdíìsì tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì nìyẹn. Ìrun tèmi gún, ti Bàbá náà gún. Ṣé fídíò yẹn sọ èyí?

Ọmọlẹ́yìn Sahnun kan, Yahya ibn Umar, kọ́ Ibn al-Labbad. Ibn al-Labbad kọ́ Ibn Abi Zayd, tó kú ní 996, òun ló kọ Risala, ìwé kékeré tó kó òfin ẹ̀sìn jọ ní ọ̀nà Malik. Risala yẹn ni Bàbá kà tán lórí ẹní ní ilé kéú, tí èmi bẹ̀rẹ̀ tí n kò parí.

Sahnun ti lé ní àádọ́rin ọdún kí wọ́n tó rí i fi jẹ alíkálì. Nǹkan bí ọdún kan ni ọba fi bẹ̀ ẹ́. Kò gba owó iṣẹ́ náà, oko ólífì rẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Wọ́n ní ọkùnrin kan gbé ìbéèrè wá bá a, ó dúró títí di ọjọ́ kẹta, Sahnun kò dá a lóhùn, ó ní ọ̀rọ̀ náà le, ohùn àwọn àgbà kò ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Òun náà ló sọ pé ẹni tí ẹnu rẹ̀ yá jù sí fátíwà ni ìmọ̀ rẹ̀ kéré jù.

Nígbà tó mú ọmọ rẹ̀, Muhammad, lọ sí ilé kéú, ó kìlọ̀ fún àáfà pé ìyìn àti ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ni kó fi kọ́ ọ, pé kì í ṣe ọmọ tí à ń fi ẹgba kọ́. Ẹgba ni wọ́n fi kọ́ èmi. Lẹ́tà ni mo mú fún ọ.

Bàbá ń béèrè rẹ. Kò bínú, ó kàn ní kí n bi ọ́ pé àáfà wo ló kà á fún ọ, ta ló sì kà á fún àáfà náà. Mo ní n ó béèrè. Kọ èsì rẹ̀ sí mi kí Iléyá tó dé, torí yóò tún bi mí.

Bàbá rẹ