Àkànní, wo àkókò omi kí o tó bọ́ sí iyanrìn

Àkànní ọmọ mi,

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, o ò gbé e. Ẹnu àbúrò rẹ ni mo ti gbọ́ pé ẹ̀yin ọ̀rẹ́ fẹ́ lọ sí Normandy nílẹ̀ Faransé, àti pé ẹ fẹ́ fẹsẹ̀ rìn dé ìdí àwọn kọnkéré ńlá tí Ogun Àgbáyé Kejì fi sílẹ̀ sínú omi ní Arromanches. Ọkàn mi ò balẹ̀ látìgbà náà.

Omi ibẹ̀ ò jọ ti Èkó. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń fà lọ tí iyanrìn á gbẹ rẹrẹ, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló ń padà, ó sì lè fi ẹsẹ̀ bàtà 4 gòkè ní wákàtí kan. Kòtò inú iyanrìn ló máa ń gbà wọlé, á ti wà lẹ́yìn rẹ kí o tó mọ̀. Ní Omaha, etíkun kan níbẹ̀ náà, ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1944, aago 6:30 àárọ̀ ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gúnlẹ̀, nígbà tí omi ṣì lọ sílẹ̀, kí wọ́n lè rí irin àti bọ́ǹbù tí Jámánì rì mọ́bẹ̀. Ẹni tí ìbọn bà tí kò lè wọ́ra, omi bá a níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Ẹ bọ́ síbẹ̀ nígbà tí omi ń fà, kí ẹ yíjú padà kó tó fà tán. Ṣé o gbọ́?



Ní Pointe du Hoc, òkè tó dúró sétí òkun, má kọjá ọgbà. Etí òkè yẹn ń ya lulẹ̀ sínú òkun. Ìbọn ńlá tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà torí rẹ̀ gun òkè náà lọ́jọ́ ogun yẹn, Jámánì ti gbé e kúrò kí wọ́n tó dé. Longues-sur-Mer ni kí o ti wo èyí tó ṣì wà níbi tí wọ́n gbé e sí. Irin dídípẹtà tó o bá rí nílẹ̀, má fọwọ́ kàn án, ó lè jẹ́ bọ́ǹbù.

Má sáré ní Colleville, itẹ́ òkú àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Òkúta funfun ni, orúkọ ara rẹ̀ kì í hàn dáadáa; tí ẹbí bá wá, àwọn òṣìṣẹ́ á fi iyanrìn tútù láti Omaha ra ojú lẹ́tà náà kó lè yọ. Àwọn mìíràn ò lórúkọ rárá.

Bàbá mi lọ sógun Boma, ó sì padà wálé. Nígbà tó o wà lọ́mọdé tó o fẹ́ bi í léèrè, èmi ni mo lé ọ jáde. Èmi náà ò bi í títí ó fi kú. Nítorí náà mi ò ní kí o má lọ, ọkọ mi.

Ṣùgbọ́n fi àkókò omi ọjọ́ náà ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó bọ́ sílẹ̀, kí o sì pè mí tí ẹ bá ti gòkè.

Ìyá rẹ