Lẹ́tà sí Àjọkẹ́ lórí ojú ìwé ète wa

Òṣogbo,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Àjọkẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ìyá Ìbejì,

Ẹ kú òtútù Boston, ìwọ àti Bàbá Ìbejì àtàwọn ọmọ. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níhìn-ín. Iná ò sí, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ìròyìn mọ́. Mo ti ka ojú ìwé ète tí o fi ránṣẹ́, èyí tí a fẹ́ fi tọrọ owó fún ìwádìí òjé lára àwọn aláboyún tó ń lo odò Ọ̀ṣun, mo sì tún un kà. Iṣẹ́ ńlá lo ṣe, bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ká tú u palẹ̀ ká tún un tò. Má bínú o, ìwọ náà lo ní kí n má pọ́n ọ lé.

Igbó Ọ̀ṣun lo fi ṣíde: pé UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, pé ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, pé Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Austria, fi ọjọ́ ayé rẹ̀ tún un ṣe. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, orí èmi ọmọ Òròkí sì wú bí mo ti ń kà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ka ìwé yìí ò wá wo igbó. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni NIH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń fowó ṣètìlẹ́yìn fún ìwádìí ìlera, yọ̀ǹda fún ète, ìwé àwọn ẹlòmíràn sì wà níwájú ẹni náà. Ohun tó ń wá ni kí ló ń ṣẹlẹ̀, kí ni ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ nípa rẹ̀, àti ìdí tó fi yẹ kó jẹ́ àwa ni wọn yóò kó owó lé lọ́wọ́. Bó bá ka ìdá kan nínú mẹ́ta ojú ìwé tí kò tíì rí i, oorun á ti máa kùn ún.

Kọ ohun tí ojú ń rí sí i. Mo dúró létí odò lọ́jọ́ kan, omi pọ́n kuku. Ìyá kan tẹ kẹ́ẹ̀gì rì sínú rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ kí ẹrẹ̀ inú rẹ̀ lè silẹ̀ díẹ̀, ó bu ú mu, ó sì fi ìyókù ra orí ọmọ tó pọ̀n. Gbólóhùn méjì ti tó: wọ́n ń wa góòlù lápá òkè odò, ní agbègbè Iléṣà, omi sì ti yí àwọ̀ padà, àwọn aláboyún wà lára àwọn tó ṣì ń lò ó. Bóo bá fẹ́ fi ẹ̀kẹta kún un, sọ pé odò yìí kan náà ni wọ́n sé sí Aṣéjìrẹ́ fún omi ẹ̀rọ Ìbàdàn. Ká yáa kọjá síbi tó kàn.

Yọ Zamfara kúrò. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wúwo, òjé pa ọmọdé tó ju 400 lọ níbẹ̀ ní 2010. Ṣùgbọ́n àgbàlá ilé ni wọ́n ti ń lọ òkúta góòlù tó ní òjé nínú níbẹ̀, eruku rẹ̀ ló ń wọ àwọn ọmọ lẹ́nu. Omi ni tiwa. Ẹni tó bá mọ̀ nípa òjé yóò rí i pé ẹ̀rù ẹlẹ́rù la yá, kò sì ní gba ìyókù ọ̀rọ̀ wa gbọ́ mọ́. O tún kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni ò ṣèwádìí odò yìí rí. Háà! Àwọn èèyàn ti wọn omi náà léraléra, bóyá ọ̀kan nínú wọn ló máa ka ìwé wa. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ìyá ni kóo tẹnu mọ́.

Ó wá ku àwọn ète fúnra wọn. Ète kẹta ló bà mí nínú jẹ́ jù: “bí òjé bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláboyún, láti wò ó bóyá ọmọ wọn ń fúyẹ́.” Ṣé o rí i pé o gbé e kọ́ ète kejì, ìyẹn wíwọn òjé inú ẹ̀jẹ̀ wọn, lọ́rùn? Bí òjé ò bá pọ̀, ète kẹta kú nìyẹn, owó rẹ̀ sì gbé. Ibẹ̀ gan-an ni ojú wọn máa kọ́kọ́ lọ. Jẹ́ ká mú gbogbo obìnrin tó bá gbà láti bá wa ṣe é, tòjé wọn ì báà kéré, ì báà pọ̀, ká bá wọn lọ títí dé ìgbẹ̀bí, ká wo bí ìwúwo ọmọ ṣe ń bá òjé rìn. A ò tíì mọ ìwọ̀n òjé kankan tí kò léwu, nítorí náà ìwọ̀nba náà ní ohun tó máa kọ́ wa.

Ète kìíní, “láti wọn òjé àti mẹ́kúrì inú odò”, iṣẹ́ la máa ṣe ni, kò sọ ohun tí a máa mọ̀. Èyí tí mo fẹ́ kó rọ́pò rẹ̀ nìyí: ọ̀nà wo ni òjé ń gbà dé ara ìyá? Torí wọn á bi wá pé báwo la ṣe mọ̀ pé odò ni. Tìróò ńkọ́? Òun ni wọ́n ń lé sójú ọmọ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, òjé ló sì pọ̀ jù nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ní Boston tí o wà yẹn, ní 2011, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan, tìróò tó ti Nàìjíríà lọ ni wọ́n bá nídìí rẹ̀. Ọ̀dà ilé àtijọ́ ńkọ́, àwọn tó ń tún bátìrì ọkọ̀ ṣe, aṣọ iṣẹ́ baálé tó ti ibi ìwakùsà dé? Egungun gan-an ńkọ́? Òjé tí obìnrin jẹ ní kékeré ń sá pamọ́ síbẹ̀, tó bá lóyún ó tún ń padà sínú ẹ̀jẹ̀. Isotope òjé, ìyẹn àwọn ẹ̀yà òjé tí ìwúwo wọn yàtọ̀ díẹ̀ síra, lè ràn wá lọ́wọ́ láti mọ ibi tí eléyìí ti wá yàtọ̀ sí tọ̀hún. Ẹ̀rọ rẹ̀ ò sí lọ́dọ̀ wa, ó wà lọ́dọ̀ yín. Kọ ìyẹn síbẹ̀ kedere, òun ni ìdí tó fi jẹ́ èmi àtìwọ.

Àjọkẹ́, ìbéèrè yìí ni kóo fi gbogbo ojú ìwé náà rọ̀ mọ́. Tó bá jẹ́ odò, ìjọba ti mọ ibi tí wọn yóò kọjú sí. Tó bá jẹ́ tìróò, àwọn nọ́ọ̀sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ nílé ìtọ́jú aláboyún lọ́jọ́ kejì, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan gidi. Tó bá jẹ́ egungun, a jẹ́ pé bí odò mọ́ lónìí, kò lè gba ọmọ tó wà níkùn báyìí sílẹ̀, a ní láti wá nǹkan mìíràn ṣe fún ìyá rẹ̀. Ibi yòówù kí ìdáhùn já sí, owó wọn ò ṣòfò. Ohun tó ń mú olówó la àpò nìyẹn.

Mẹ́kúrì ní tirẹ̀, fi í sílẹ̀ fún ọdún mìíràn. Ìtọ̀ tàbí irun la fi ń wá a, ọ̀nà tó ń gbà wọlé sì yàtọ̀. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo.

Èmi á lọ bá àwọn ọ̀gá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kọ lẹ́tà àtìlẹ́yìn fún wa, ìwọ tún àwọn ète kọ kí o fi ránṣẹ́ kó tó di Sunday, ká jọ kà á lórí fóònù. Bá mi kí Bàbá Ìbejì. Tìróò tí Màmá fi ránṣẹ́ sí yín nígbà ìsọmọlórúkọ ńkọ́, ṣé ó ṣì wà nílé? Ẹ sọ ọ́ nù o. Má sì sọ fún Màmá pé èmi ni mo wí.

Èmi ni tìrẹ,
Àbẹ̀kẹ́