Bọ̀dá mi, owó yẹn ti Àdùkẹ́ ni o

Bọ̀dá mi, ẹ kú ilé, mo kí Màmá, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Mo ti gbọ́ gbogbo voice note yín, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ni ẹ ò fi tètè gbọ́ mi, ẹ má rò pé mo ti gbàgbé yín. Owó tó wọlé lánàá, owó ilé ìwé Àdùkẹ́ ọmọ yín ni, kì í ṣe ti òrùlé o. Ti òrùlé ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, mo ṣèlérí.

Ẹ ní kí n bá a sọ ọ́ kó fi ẹ̀kọ́ ẹja tó fẹ́ kà ní UNILAG sílẹ̀ kó lọ ṣe nọ́ọ̀sì. Mi ò lè bá a sọ ọ́. Ẹ tún bi mí pé obìnrin wo ni mo rí tó ń fi ẹja jẹun tí kì í ṣe pé ó ń tà á. Eugenie Clark ni, bọ̀dá mi, obìnrin tó fi gbogbo ayé ẹ̀ ṣèwádìí ẹja! Sarasota tí mò ń gbé ní Florida yìí náà ló kú sí lọ́dún 2015, lẹ́ni ọdún 92, ilé ìwádìí tó dá sílẹ̀ lọ́dún 1955 ṣì wà níbí, Mote ni wọ́n ń pè é báyìí.

Ọmọ ọwọ́ ló wà tí bàbá ẹ̀ fi kú. Ìyá ẹ̀, ìran Japan, ń ta ìwé ìròyìn ní New York, tó bá di Sátidé tó ń lọ síbi iṣẹ́, á fi í sílé tí wọ́n kó ẹja sí fáwọn èèyàn wò, ibẹ̀ lọmọ á wà títí ìyá ẹ̀ á fi dé. Nígbà tó fẹ́ kàwé sí i, wọ́n ní á kàn lọ́kọ, á bímọ, iṣẹ́ á sì parí síbẹ̀. Ṣebí ohun tẹ́yin náà ń sọ nìyẹn? Ó bí mẹ́rin, ó gba dókítà ìwé lọ́dún 1950, ó sì kọ́ni ní yunifásítì Maryland fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àkurákudà tí gbogbo ayé ń sá fún, tí wọ́n ń pè ní òpònú, Clark kọ́ wọn débi pé wọ́n á fi imú ti pátákó kí wọ́n tó fún wọn lóúnjẹ. Wọ́n ní tí àkurákudà kò bá lúwẹ̀ẹ́ kò lè mí, Clark wọ ihò àpáta lábẹ́ omi ní Isla Mujeres ní Mexico, ó bá wọn níbi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí jẹ́ẹ́, tí wọ́n ń mí. Èyí tó wú mi lórí jù ni ẹja pẹlẹbẹ kékeré kan ní Òkun Pupa, oje funfun bíi wàrà ló ń jáde lára ẹ̀. Àkurákudà á yanu kó gbé e mì, ẹnu á wà ní yíyà bẹ́ẹ̀, kò ní lè pa á dé, á máa ju orí kiri.

Ta ló sọ fún yín pé kò síṣẹ́ nídìí ẹ̀kọ́ ẹja? Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí òkun wà ní Victoria Island níbẹ̀? Ẹ ti lọ béèrè rí? Mò ń tọ́jú arúgbó níbí, mo sì ń dúpẹ́, àmọ́ èmi ò yàn án, ọmọ yín ti yan tiẹ̀.

Account Àdùkẹ́ gan-an ni mo san owó yẹn sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kó mú un wá. Ṣé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá ṣì kù? Káfíńtà ńkọ́, iye páànù tó máa tó ni kẹ́ ẹ ní kó kọ, kẹ́ ẹ wá fi ránṣẹ́ sí mi.

Àbúrò yín ni.